Ìmọ̀ràn Lórí Ọmọ Ọwọ́: Èyí Tó Yẹ Ká Mú àti Èyí Tó Yẹ Ká Fi Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí ọmọ ọwọ́ tàbí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn bá wà. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn ni, èyí tí òbí ń fún òbí.

Ìmọ̀ràn kì í wọ́n ẹni tó bímọ. Kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ, ìyá ọkọ ti mú tirẹ̀ wá, aládùúgbò ti mú tirẹ̀ wá, elewé-ọmọ ọjà ti sọ tirẹ̀, ẹni tó jókòó tì wá ní asalátù ọjọ́ Àìkú náà sì ti sọ ohun tó lò fún ọmọ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bẹ́ẹ̀ ló rí ní Ago-Ìwòyè, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn ará wa létí omi ní Ogun Waterside. Ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀ràn wọ̀nyí dára. Àmọ́ àwa tí a ń po oògùn, tí a sì ń dá ìyá lóhùn ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mọ̀ pé àwọn kan wà nínú rẹ̀ tó lè gba ẹ̀mí ọmọ. Bí a ó ṣe dá èyí mọ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn ni ẹ̀kọ́ wa.

Ìsìláàmù àti ìmọ̀ràn

Ẹ̀sìn wa ò ní kí òbí má gba ìmọ̀ràn. Nínú Súrátù Bákárà, ẹsẹ 233, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ̀rọ̀ nípa fífún ọmọ lọ́yàn fún ọdún 2 gbáko, Ó sọ pé bí baba àti ìyá bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọyàn ṣáájú ìgbà náà, kí ó jẹ́ pẹ̀lú ìfohùnṣọ̀kan àti ìjíròrò àwọn méjèèjì. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti tóbi tó: ọ̀rọ̀ ọyàn ọmọ, èyí tí ọ̀pọ̀ baba máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni, Ọlọ́hun fi ìjíròrò sí i. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀kọ́ yìí kàn yín bó ṣe kan ìyá ọmọ.

Ṣùgbọ́n Àlùkùráánì kan náà ló fi òdiwọ̀n sí ìmọ̀ràn. Súrátù Hùjúrát, ẹsẹ 6, pa á láṣẹ fún wa láti wádìí ìròyìn kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá, kí a wá máa kábàámọ̀. Súrátù Nahl, ẹsẹ 43, ní kí a bi àwọn onímọ̀ léèrè nípa ohun tí a ò mọ̀. Ìjíròrò, ìwádìí, ìbéèrè lọ́wọ́ onímọ̀: nǹkan mẹ́ta yìí ló yẹ kó máa tẹ̀lé ara wọn. Ìṣòro tí a ń rí ni pé àwa òbí fẹ́ràn ìkínní, a sì máa ń fo èkejì àti ẹ̀kẹta.

Eyín kì í fa ibà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù. Ọmọ oṣù 7 ní ibà, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, inú ń bí i. Ẹni àkọ́kọ́ tí ìyá rẹ̀ bá sọ fún yóò ní, “Eyín ló ń hù, ra oògùn eyín fún un.”

Ní 2008, ọ̀pọ̀ òbí ní Nàìjíríà ra oògùn eyín kan tó ń jẹ́ My Pikin fún ọmọ wọn. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó, Barewa Pharmaceuticals, ló ṣe é. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol ti wọnú oògùn náà. Kẹ́míkà yìí kì í ṣe oògùn rárá. Ara ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò fún bíréèkì ọkọ̀ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni. Ó dùn lẹ́nu bíi ṣúgà, nítorí náà kò sí ìyá tó lè tọ́ ọ wò kó mọ̀ pé májèlé ni. Kíndìnrín ló máa ń bà jẹ́. Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bì, wọn ò sì tọ̀ mọ́. Ọmọ 84 ló kú. Àjọ NAFDAC ti ilé iṣẹ́ náà pa, nígbà tó sì di 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà 2 lọ sẹ́wọ̀n ọdún 7.

Èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́. Ní 1990, kẹ́míkà yìí kan náà wọnú oògùn parasitámólù olómi tí wọ́n fún àwọn ọmọdé, àwọn ọmọ sì kú ní Ìbàdàn àti ní Jos. Kì í sì í ṣe ìgbà ìkẹyìn ní Áfíríkà. Ní 2022, ní orílẹ̀-èdè Gáńbíà, ọmọ tó lé ní 60 kú lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn ikọ́ olómi tí wọ́n kó wọlé láti Íńdíà.

Ẹ̀bi àwọn tó ṣe oògùn náà ni, kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ìyá. Àmọ́ ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún àwa òbí. Eyín híhù kì í ṣe àìsàn tó ń fẹ́ oògùn. Ó lè mú kí ọmọ máa da itọ́, kí ó máa bu nǹkan jẹ, kí ó máa sunkún díẹ̀ lóru. Kì í fa ibà gíga, kì í sì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Kí ló wá dé tí wọ́n fi máa ń ṣẹlẹ̀ pọ̀? Ìdí rẹ̀ kò le. Nígbà tí ọmọ bá tó bí oṣù 6, tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ìgbà náà gan-an ni ààbò tó gbà lára ìyá rẹ̀ ń dín kù, ìgbà náà ló ń rákò, tó ń mú gbogbo ohun tó bá rí nílẹ̀ sẹ́nu, ìgbà náà la sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oúnjẹ mìíràn. Kòkòrò àìsàn ló wọlé, eyín ni wọ́n dá lẹ́bi. Bí a bá sì ti gbà pé eyín ni, a ò ní yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibà ẹ̀fọn ni, a ò sì ní tètè fún un lómi.

Ohun tí ọmọ tó ń hu eyín nílò nìyí: ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ fi ìka yín ra èrìgì rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tàbí kí ẹ fún un ní aṣọ kékeré tó mọ́ tí ẹ fi omi tútù rẹ, kí ó máa bù ú jẹ lójú yín. Bí ibà bá wà, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà nítòsí.

Tìróò ojú ọmọ

Tìróò lílé fún ọmọ kò ṣàjèjì nílẹ̀ wa. Wọ́n ní ó ń mú ojú ọmọ ràn, ó ń mú kí ó tóbi, ó sì ń lé àrùn ojú. Àwọn kan nínú àwa Mùsùlùmí tún máa ń sọ pé súnnà ni.

Ní 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin oṣù 6 kan wò, ọmọ tí ìdílé rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 13, bẹ́ẹ̀ 5 ni àjọ ìlera Amẹ́ríkà fi ṣe ààlà ní 2012, tí ọmọ bá ti kọjá rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ibi tí òjé náà ti ń wá. Wọ́n wá a títí. Tìróò tí àwọn òbí rẹ̀ ń lé sí ìpéǹpéjú rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, ó lé ní ìdá 80 nínú ìdá 100 rẹ̀ tó jẹ́ òjé. Kì í ṣe pé àwọn òbí náà kò fẹ́ràn ọmọ wọn. Ohun tí ìyá wọn ṣe fún wọn ni wọ́n ṣe.

Òjé kì í pa ọmọ lójú ẹsẹ̀ bí ó bá kéré. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń bá jà. Ọmọ náà lè máa ṣeré, kí ó máa jẹun, nígbà tó bá dé ilé ìwé la ó wá máa sọ pé orí rẹ̀ ò jí. Bí ó bá pọ̀, ó ń pani. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, òjé tó wá láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà nínú ilé pa ọmọ tó lé ní 400. Ọmọ tí a lé tìróò fún yóò fi ọwọ́ ra ojú, yóò sì ti ọwọ́ náà bọ ẹnu. Ọ̀nà tí òjé ń gbà wọlé nìyẹn.

Ní ti súnnà, àwọn àfáà wa ló ni àlàyé ẹ̀sìn, a ò ní gba iṣẹ́ wọn ṣe. Ohun tí a mọ̀ ní tiwa ni pé ithmid tí àwọn ìwé hadíìsì dárúkọ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú gbogbo ohun dúdú tó ń dán tí wọ́n ń pè ní tìróò lọ́jà. Ojú kò lè fi ìyàtọ̀ òjé hàn. Nítorí náà, ẹ má lé tìróò fún ọmọ ọwọ́. Bí ojú ọmọ bá ń ṣe ipin tàbí tó pọ́n, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ẹ má sì ṣe fún ọmú tàbí ìtọ̀ sí i.

Oyin àti omi

Nínú Súrátù Nahl, ẹsẹ 69, Ọlọ́hun sọ pé ìwòsàn wà nínú oyin fún àwọn ènìyàn. A gbà bẹ́ẹ̀, a sì ń jẹ ẹ́. Àmọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 kò gbọ́dọ̀ jẹ oyin, ì báà ṣe ìka kan péré. Kòkòrò kan wà tí irúgbìn rẹ̀ máa ń sùn nínú oyin. Kì í ṣe àgbàlagbà ní nǹkan kan, nítorí pé ìfun àgbàlagbà ti gbó. Nínú ìfun ọmọ ọwọ́, ó lè jí, kí ó sì tú májèlé tó ń mú gbogbo iṣan ara rọ. Ọmọ náà kò ní lè yàgbẹ́, ohùn ẹkún rẹ̀ yóò máa lọ sílẹ̀, ọrùn rẹ̀ yóò rọ, kò ní lè mu ọyàn, ó sì lè má lè mí dáadáa. Gbígbé e kaná kò pa irúgbìn yìí.

Bí ohun kan bá jẹ́ ìwòsàn, kò túmọ̀ sí pé gbogbo ọjọ́ orí ló wà fún. Ẹran náà jẹ́ ohun rere, a kì í fi bọ́ ọmọ ọjọ́ 8. Níbi ìsọmọlórúkọ tí wọ́n bá ti gbé oyin kalẹ̀, kí ìyá àti bàbá tọ́ ọ wò, kí wọ́n ṣe àdúà adùn fún ọmọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi kan ẹnu rẹ̀. Ẹni tí yóò bá ṣe táhníìkì fún ọmọ pẹ̀lú dàbínù, kí ó jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí kò wúkọ́, tí kò ní egbò lẹ́nu, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ohun tí yóò fi kan òkè ẹnu ọmọ kéré gan-an, kí ó sì kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní há a lọ́fun.

Omi ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà máa ń sọ pé, “Ooru mú, òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, fún un lómi.” Àánú ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Àmọ́ nínú ọyàn ìyá, ó tó ìdá 88 nínú ìdá 100 tó jẹ́ omi. Ọmọ tó ń mu ọyàn dáadáa ti mu omi. Omi tí a bá fún un lé e yóò gba àyè ọyàn nínú ikùn tí kò ju ìkúùkù rẹ̀ lọ. Bí omi náà bá jẹ́ ti odò, ti kànga tí kò ní ìdérí tàbí ti ọ̀sà, a ti fi ọwọ́ ara wa gbé àìsàn fún un. Àwọn ará wa ní Abigi, Ìbíadé àti Ìwòpin mọ̀ pé omi lè yí èèyàn ká, kí èyí tó ṣe é mu má sì tó. Níbi tí omi mímọ́ bá ti ṣòro, ọyàn nìkan ni ààbò ọmọ fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Wàrà àkọ́kọ́ tó máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ẹ má fún un dànù. Oògùn ni.

Lẹ́yìn oṣù 6, ọmọ nílò oúnjẹ mọ́ ọyàn. Ògì nìkan kò tó. Ẹ fi ẹja gbígbẹ tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ tí ẹ sì lọ̀ kúnná sí i, tàbí edé, tàbí ẹ̀wà tí a bó, tàbí ẹyin tó jiná. Ẹja tí àwọn ará etí omi ń kó wá fún wa tà ń dàgbà nínú ara ọmọ ju dúdú tíì tí wọ́n ń pò fún un lọ.

Ìmọ̀ràn tó gba ọmọ là

Ẹ má rò pé ìmọ̀ràn láti ẹnu ìyá sí ìyá kò ní èrè. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ ìlera tó tóbi jù láyé, ẹnu ìyá ló gbà kọjá.

Ní 1971, nígbà ogun òmìnira Bangladesh, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó sá kúrò nílé. Omi tí wọ́n ń fà sí ara aláìsàn tán. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po omi pọ̀ mọ́ ṣúgà àti iyọ̀, kí àwọn ìbátan aláìsàn máa fún un mu. Ikú tó ti ń pa bí 30 nínú 100 wálẹ̀ sí nǹkan bí 4. Láti 1980 sí 1990, àjọ kan tó ń jẹ́ BRAC rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé ní àwọn abúlé Bangladesh, ilẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí. Wọ́n jókòó ti àwọn ìyá, wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pò ó, ìyá náà á sì pò ó lójú wọn. Ilé tó lé ní mílíọ̀nù 12 ni wọ́n wọ̀. Ohun tó jẹ́ kó yọrí sí rere ni pé owó tí wọ́n ń san fún obìnrin tó ń kọ́ni dúró lórí bí ìyá tó kọ́ ṣe rántí ẹ̀kọ́ náà àti bí ó ṣe pò ó tọ̀nà sí. Kì í ṣe bí ó ṣe sọ ọ́ dáadáa tó.

Nílẹ̀ wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1927, tó sì jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, ló polongo omi iyọ̀ àti ṣúgà, ọyàn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára dé abúlé. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà tó wà láàárín wa gbọ́ ọ lórí rédíò nígbà náà. Kí wọ́n fi kọ́ àwọn ìyàwó ilé.

Ọ̀nà tí a fi ń pò ó nìyí. Èyí tó dára jù ni ORS inú pákẹ́ẹ̀tì. Ẹ ka ìwọ̀n omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ má dín in, ẹ má fi kún un. Bí kò bá sí i, ẹ wá lítà 1 omi tó mọ́. Píọ́ wọ́tà tí wọ́n kọ 50cl sí lára, 2 rẹ̀ ni lítà 1. Ẹ fi ṣúgà ṣíbí tíì 6 sí i, kí ó ṣe déédéé pẹ̀lú ẹnu ṣíbí, kí ẹ sì fi iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì sí i. Kí iyọ̀ má pọ̀ jù. Iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún ọmọ. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 bá yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fún un ní nǹkan bí ìdá 4 ife ńlá sí ìdajì, pẹ̀lú ṣíbí, díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dá ọyàn dúró. Èyí tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù. Ẹ béèrè zinc lọ́wọ́ apòògùn tàbí nọ́ọ̀sì: ọmọ tó ti pé oṣù 6 yóò lo 20mg lójúmọ́, èyí tí kò tíì pé oṣù 6 yóò lo 10mg, fún ọjọ́ 10 sí 14, kódà bí ìgbẹ́ náà bá ti dá.

Kí a sì rántí ọṣẹ. Àwa Mùsùlùmí ń fi omi ṣe ìmọ́tótó ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, ṣùgbọ́n omi bútà nìkan kò lé kòkòrò ìgbẹ́ kúrò lọ́wọ́. Ẹni tó bá fọ ìdí ọmọ, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó ṣe àlùwàlá, kí ó tó ro ẹ̀kọ ọmọ. Ẹ gbé ọṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ bútà.

Gìrì

Bí gìrì bá mú ọmọ, ìmọ̀ràn máa ń pọ̀ ju ìrànlọ́wọ́ lọ. Wọ́n á ní kí a ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí a na ẹsẹ̀ rẹ̀ síná, kí a fi ata sí i lójú, kí a rọ àgbo ìtọ̀ màlúù sí i lọ́fun. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti yẹ àgbo ìtọ̀ màlúù yìí wò láti bí ọdún 50 sẹ́yìn, wọ́n sì rí i pé ó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀. Ọmọ tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, gìrì náà á tún le sí i, ó sì lè má jí mọ́. Ọmọ tó ń jẹ gìrì kò lè gbé nǹkan mì. Ẹ̀dọ̀fóró ni ohun tí a rọ sí i ń lọ.

Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ má ti ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ wo aago. Bí ó bá dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ ti wà lọ́nà. Ẹni tó ń gbé ní abúlé tí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń jáde, kí ó ti mọ ẹni tí yóò pè lóru kí wàhálà tó dé.

Ṣíbí kan kì í ṣe ṣíbí kejì

“Parasitámólù ṣíbí kan ni mo fún tèmi, ara rẹ̀ sì balẹ̀.” Ìmọ̀ràn yìí dà bí èyí tí kò lè pani. Àmọ́ parasitámólù ọmọdé tó wà lọ́jà kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó jẹ́ olómi inú ìgò ńlá, 120mg tàbí 125mg ló máa ń wà nínú 5ml rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fi kán sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu, inú ìgò kékeré, 100mg ló máa ń wà nínú 1ml rẹ̀. Bí ìyá kan bá gbọ́ “ṣíbí kan”, tó wá wọn 5ml èyí tí wọ́n ń kán, ó ti fún ọmọ rẹ̀ ní 500mg. Ìyẹn ni odindi tábúlẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà kan. Ẹ̀dọ̀ ọmọ kò lè gbé e.

Nítorí náà, ẹ má gba ìwọ̀n oògùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni tí kò rí ìgò tó wà lọ́wọ́ yín, tí kò sì mọ bí ọmọ yín ṣe wúwo tó. Ẹ má fún ọmọ ní oògùn tó ṣẹ́ kù lára ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ lo ohun ìwọ̀n tó wà nínú páálí oògùn náà, ẹ má lo ṣíbí ọbẹ̀.

Ìbéèrè 4 kí a tó gba ìmọ̀ràn

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, bí ó bá jẹ́ ẹni tó mọ ọ̀nà ló bi. Kí a tó lo ìmọ̀ràn kankan fún ọmọ, kí a bi í báyìí.

Ìkínní: ṣé ohun kan yóò wọ ẹnu, ojú, imú tàbí ìwọ́ ọmọ? Bí ìmọ̀ràn bá jẹ́ ti bí a ṣe ń pọ̀n ọmọ, bí a ṣe ń rẹ̀ ẹ́ tàbí bí a ṣe ń kọrin fún un sùn, àwọn ìyá àgbà mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Bí nǹkan bá ti fẹ́ wọ ara rẹ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn.

Èkejì: ọmọ oṣù mélòó ló lò ó fún? Ohun tó bá ọmọ ọdún 2 mu lè pa ọmọ oṣù 2.

Ẹ̀kẹta: ṣé a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Ìgò tí kò ní orúkọ, tí kò ní nọ́mbà NAFDAC, tí kò ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kò yẹ kó wọ yàrá ọmọ.

Ẹ̀kẹrin: ṣé ìmọ̀ràn yìí yóò dá wa dúró láti lọ sí ilé ìwòsàn? Èyí tó bá ní kí a dúró dọ̀la nígbà tí ọmọ ò lè mu ọyàn, ẹ fi sílẹ̀, ẹni yòówù kó sọ ọ́.

Kí a kọ ohùn sí ìyá ọkọ kò pọn dandan. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ lè sọ pé, “Ẹ ṣé, Mà, ẹ jẹ́ ká jọ lọ bi nọ́ọ̀sì.” Ẹ mú wọn dání lọ síbi abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìyá àgbà tó bá fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì ni yóò máa kọ́ àwọn yòókù ládùúgbò. Ẹ̀yin bàbá, bí ìyàwó bá ní ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ má ní kó dúró kí ẹ ti ọjà dé.

Àmì tí kò gba ìmọ̀ràn

Bí ọmọ bá ní ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, ẹ má bi ẹnikẹ́ni, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ: kò lè mu ọyàn tàbí omi, ó ń bì gbogbo ohun tó mu, gìrì mú un, ó ń sùn, kò ṣeé jí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ tàbí àyà rẹ̀ ń wọlé bó ti ń mí, ojú rẹ̀ jìn, kò sì tọ̀ láti àárọ̀, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí ara rẹ̀ gbóná nígbà tí kò tíì pé oṣù 3.

Fún ìjókòó asalátù àti ìdílé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn ka ẹ̀kọ́ yìí kí ẹ pa á dé. Ní ìjókòó tó ń bọ̀, ẹ gbé omi, ṣúgà, iyọ̀ àti ṣíbí tíì kalẹ̀, kí ìyá 3 pò ó lójú gbogbo èèyàn, kí àwọn yòókù máa wò bóyá ó tọ̀nà. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan mú oògùn ọmọ tó wà nílé rẹ̀ wá, kí ẹ jọ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jíròrò lórí ìbéèrè wọ̀nyí: Ìmọ̀ràn wo ni wọ́n fún wa lórí ọmọ wa àkọ́kọ́ tí a ò ní fún ẹlòmíràn mọ́? Ta ni a lè pè lóru ládùúgbò wa bí gìrì bá mú ọmọ? Báwo ni a ó ṣe sọ ọ̀rọ̀ tìróò fún ìyá wa láìbí wọn nínú?

Amáná ni ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọlọ́hun tó fún wa ni yóò bá wa wò wọ́n. Kí Ó jẹ́ kí ìmọ̀ràn wa máa jẹ́ àǹfààní fún ọmọ ẹlòmíràn, kí Ó má jẹ́ ká fi àìmọ̀ ṣe wọ́n ní jàǹbá. Àmín.